Ìwé Tí Àwa Méjì Nìkan Lè Kà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ní láti gun àpótí kí n tó rí ojú tẹlifíṣọ̀n dáadáa, Sabon Tasha, ní apá àríwá, ni à ń gbé. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná.

Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà nílé kejì sí tiwa. Ó ní kọ̀ǹpútà kan tó ti gbó nígbà náà pàápàá: pátákó bọ́tìnnì lásán, tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń gbé eré sínú rẹ̀, á máa han bí adìẹ tí wọ́n fún lọ́rùn. Ààfin ńlá kan ni eré náà, yàrá lórí yàrá. Igun àjà lẹ ó ti máa wò ó, bí ẹni ṣí òrùlé yọjú. Bí ẹ bá tẹ ọ̀tún, ọkùnrin kékeré inú rẹ̀ á fẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn. Kọ́kọ́rọ́ márùn-ún ló ń wá. Bó bá kú, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni.

Bàbá tíṣà fẹ́ kó lọ sí Gonin Gora. Wọ́n sọ fún gbogbo àwa ọmọ àdúgbò pé, "Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí kọ́kọ́rọ́ márààrún ló ni ẹ̀rọ yìí." Háà! Mo sáré lọ kó fìlà ṣọ́ọ̀ṣì ìyá mi kúrò lórí tábìlì, kí ẹ̀rọ mi lè ráyè jókòó.

Èmi ń tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń di ìwé mú. A ya gbogbo yàrá sínú rẹ̀, a fi Yorùbá kọ ọ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò má baà rí i kà. Ìkòkò kan ń hó ní yàrá kan, gbogbo ọmọ ń sá fún un. Èmi ni mo ṣèèṣì já sínú rẹ̀, àṣé ẹ̀mí ló ń fún ọkùnrin náà. Mo kọ "ogun" síbẹ̀. A kì í fàmì sórí ọ̀rọ̀, "o" kan ṣoṣo ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀; àwa méjèèjì ṣáà mọ̀ pé oògùn ni.

Ní Sátidé tó gbẹ̀yìn kí Bàbá tó kó lọ, ọmọbìnrin télọ̀ òdìkejì títì ló kọ́kọ́ jókòó. Yàrá dé yàrá, kò ṣìnà. Ó dé ibi ìkòkò, ó fa ìwé kan yọ lápò. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ogun? Kai, yaƙi ke nan!" Ogun jíjà ló rò pé ó jẹ́. Ó darí ọkùnrin kékeré náà padà.

Ohùn kan bú jáde lẹ́yìn mi: "Ke, magani ne, ba yaƙi ba!"

Oògùn ni, kì í ṣe ogun. Ẹ̀gbọ́n mi ni! Ó fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́. Mo wo ìwé ọwọ́ ọmọ náà, ìkọ̀wé ẹ̀gbọ́n mi ni látòkè délẹ̀. Ọmọ télọ̀ bẹ́ sínú ìkòkò, ó gba ẹ̀mí kún ẹ̀mí, ó fi rí kọ́kọ́rọ́ karùn-ún, ó gbé ẹ̀rọ lọ.

Lọ́nà ilé, mo ní, "Sístà mi, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Ó ní, "Wasa ne fa." Eré ṣáà ni. Síkẹ́ẹ̀tì Kérésì ni wọ́n ṣèlérí fún un nílé télọ̀. Ó wọ̀ ọ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì yẹ ẹ́.

Ayé ti yí. Lónìí, bí ẹ bá ṣubú nínú eré, ibi tí ẹ dé náà lẹ ó ti dìde. Bí ọ̀nà bá rú yín lójú, ẹ ó bi àjèjì tí ẹ ò rí rí, á sì júwe rẹ̀. Ẹ ò nílò alábàárìn kankan. Mi ò bá yín jà sí i. Àjèjì kò lè dalẹ̀ ẹni. Ẹni tí a jọ ń jẹ nínú àwo kan ló mọ ibi tó ń dunni.