Òwú Funfun Lára Ṣájà Nyamumwi

Ihò òpó mẹ́rin ló kù nínú iyanrìn níbi tí àtíbàbà Nyamumwi, ìyá Majura, wà, àti igi máńgòrò kan tí wọ́n ti gé ẹ̀ka rẹ̀ méjì. Ọdún mọ́kànlá ló fi jókòó sábẹ́ igi yẹn, tó ń bá èèyàn ṣájì fóònù. Kò sí fóònù kan ní èbúté Itogoro wa létí adágún tí kò tíì rọ̀ lára pákó rẹ̀ rí, títí kan ti àlùfáà tó máa ń wàásù pé fóònù ló ń ba ọmọ jẹ́.

Ohun tó ní kò pọ̀. Páànẹ̀lì oòrùn méjì wà lórí páànù, bátìrì ńlá kan wà nílẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ Magesa rà kí adágún tó gbé e lọ, pẹ̀lú àpótí kékeré tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé. Pákó gígùn kan tó kún fún ìṣó ló dábùú láàárín àwọn òpó. Lára ìṣó yẹn ni ṣájà máa ń rọ̀ sí, tí wọ́n á máa mì nínú atẹ́gùn omi bí ẹja tí wọ́n ń sá.

Òfin kan ṣoṣo ni Nyamumwi ní nígbà yẹn: fóònù rẹ, ṣájà rẹ. Kí o tó kí i tán ni á ti béèrè.

"Ṣájà dà?"

"Ìyá Majura, ẹ fi ti Bwire ṣe é fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Fóònù wa dọ́gba."

"Ṣé ìyàwó yín náà dọ́gba? Lọ mú tìrẹ wá, jàre."

Gbogbo etí omi á bú sẹ́rìn-ín, ẹni náà á sì máa kùn lọ sílé. Kì í ṣe pé ó le. Ó ti rí bátìrì fóònù tó wú bí àkàrà mandazi nínú epo gbígbóná, fóònù ọmọ ilé ìwé kan ni, ó sì ti gbọ́ bí ìyá ọmọ náà ṣe ké. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bẹ̀rù kí nǹkan ẹlòmíràn má bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Èmi ni mo tú òfin yẹn ká.

Ẹ̀yìnkùlé wa ló kọjú sí àtíbàbà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ iná. Mo kàn máa ń tú nǹkan ni, rédíò, tọ́ọ̀ṣì, ohunkóhun tó bá ṣáà ti ṣeé tú. Lọ́jọ́ kan ni mo gbé awò bàbá mi àgbà lé ojú, tí mo wo ẹ̀yìn ṣájà, mo bá rí ìkọ̀wé tó tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ èèrà. Mo kà á. Mo ka òmíràn mọ́ ọn. Nígbà tí mo ka ìkẹẹ̀ẹ́dógún tán, mo sáré jáde láìwọ bàtà.

"Ìyá Majura! Irọ́ ni òfin yín o!"

"Masatu, ṣé o ti jẹun lónìí?"

"Ẹ wo ibí. Nọ́ńbà tó wà níwájú V yìí ni ipá tí ṣájà fi ń ti iná sínú fóònù. Ìyẹn ló gbọ́dọ̀ bára mu: márùn-ún fún márùn-ún. Èyí tó wà níwájú A, ìyẹn ni bí iná tó lè gbé kalẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Tó bá ju ohun tí fóònù ń fẹ́ lọ, kò burú. Fóònù á bu ìwọ̀n tó tó o, á fi ìyókù sílẹ̀."

Ó gba ṣájà lọ́wọ́ mi, ó gbé e jìnnà sójú. Kò pẹ́ ní ilé ìwé, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kọ́ ẹni tó ń ra ẹja wẹ́wẹ́ dágàá ní nọ́ńbà?

"Bí ìkòkò ugali," ó ní. "Ìkòkò lè tóbi. Ọmọ á bu ohun tí ikùn rẹ̀ gbà."

"Ẹ ti gbà á!"

"Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ipá ki í bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á pa á."

"Ìyẹn ni V, Ìyá Majura! Ìyẹn gan-an ni! Ṣájà àtùpà àwọn apẹja, méjìlá ló ń tì. Ẹ má jẹ́ kó dé ẹnu fóònù láéláé."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní màá ya wèrè lọ́jọ́ kan. Láti ọjọ́ yẹn ni ṣájà kan ti ń ṣiṣẹ́ fún fóònù mẹ́ta, mẹ́rin. Àwọn tí ṣájà wọn ti bàjẹ́ kò padà sílé mọ́. Òun fúnra rẹ̀ lọ mú ṣájà rẹ̀ jáde látinú agolo ìyẹ̀fun tó ń tọ́jú rẹ̀ sí, ó gbé e kọ́ ìṣó kẹta, kí àwọn tí fóònù wọn ń lo ẹnu róbótó lè máa rí i lò. Ìkọ̀wé ẹ̀yìn rẹ̀ ti parẹ́ tipẹ́, òógùn ọwọ́ ti fọ̀ ọ́ lọ. Nítorí náà ló ṣe so òwú funfun mọ́ ọn lọ́rùn, kó lè máa fi dá a mọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ti òwú yìí. Ní èbúté wa, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀, gbogbo ohun tó bá jẹ́ ti ọkọ̀ náà ni wọ́n máa ń so òwú àwọ̀ yẹn mọ́: kẹ́ẹ̀gì, ìkòkò, bàtà, àtùpà, ṣájà. Pupa jẹ́ ti ọkọ̀ Manyama, àwọ̀ ewé jẹ́ ti àwọn ọmọ Nyanjura. Ọkọ̀ funfun ti ṣí lọ sí erékùṣù mìíràn láti ọdún tó kọjá, wọ́n ní ẹja ò sí níbí mọ́. Funfun wá ṣófo. Nyamumwi mú un.

Fóònù tó ni ṣájà yẹn kì í ṣe èyí tó fi ń pe èèyàn. Ti àtijọ́ ni, onítẹ̀-bọ́tìnnì, bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ẹ́ kú. Inú agolo ìyẹ̀fun ló ń gbé. Ohùn bàbá ọkọ rẹ̀, Kaitira, ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Magesa kú sómi, tí ìdílé fẹ́ kó ẹrù obìnrin yìí síta, bàbá náà ló dúró tì í. Ọdún kejì, àìsàn dá òun náà wó. Nyamumwi ń fún un ní ògì lọ́jọ́ kan, kò sẹ́lòmíràn nílé, bàbá bá di ìka rẹ̀ mú.

"Tẹ ẹ̀rọ yẹn. Èèyàn máa ń gbàgbé, ẹ̀rọ kì í gbàgbé."

Mo ti gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀kan. Bàbá ń húkọ́, ó dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó ní ilẹ̀ láti ibi igi máńgòrò títí dé òkúta funfun, ti Nyamumwi ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì ní kí wọ́n bu ògì sí i.

Ọdún mẹ́fà kọjá kí Mafuru, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó dé láti Mwanza, ìlú ńlá òdìkejì adágún. Ó fẹ́ kọ́ ilé yìnyín fáwọn tó ń ra ẹja, ibi igi máńgòrò yẹn ló sì wù ú. Ọ̀rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ ìlú. Nyamumwi ní ohùn bàbá wà lọ́wọ́ òun.

Mafuru bú sẹ́rìn-ín. "Àpótí ló fẹ́ jẹ́rìí lé mi lórí? Ṣé á búra kó tó sọ̀rọ̀?"

"Á sọ̀rọ̀ jù ẹ́ lọ," Nyamumwi ní. "Òun ló bí ẹ."

Alága lu tábìlì. "Ó tó! Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá. Mú un wá kó sọ̀rọ̀ létí gbogbo wa. Bí kò bá sí ohùn, Nyamumwi, kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. O mọ ohun tó kù."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún un pé ká fi fóònù mi gba ohùn náà sílẹ̀. Kí tirẹ̀ máa sọ̀rọ̀, kí tèmi máa gbọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní òun kò fẹ́ kí ohùn òkú máa rìn kiri èbúté. Ó ronú, ó ní ó dáa, kí n wá. Mo ní lọ́la. Lọ́la dé, wọ́n gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kan tó fọ́ wá fún mi, irú èyí tí mi ò tíì tú rí, inú rẹ̀ dára bí ìlú tí wọ́n fètò kọ́! Mo ní ọ̀túnla. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo sọ o, ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Lọ́jọ́rú, ọkọ̀ funfun padà dé.

Ẹja kò sí ní erékùṣù tí wọ́n lọ náà. Gbogbo wa la sọ̀ kalẹ̀ lọ kí wọn, Nyamumwi pàápàá lọ. Nígbà tí ó wà létí omi tó ń béèrè ìlera ìyàwó àti ọmọ, ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ gbé àtùpà wọn sábẹ́ pákó rẹ̀, ó sì gbé ṣájà àtùpà náà kọ́ ìṣó, bí wọ́n ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ṣájà dúdú, ẹnu róbótó, òwú funfun lọ́rùn. Ẹja àti omi ti jẹ ìkọ̀wé tirẹ̀ náà.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ mo bá Nyamumwi lábẹ́ àtíbàbà, ó ti wẹ̀, ó ti ró aṣọ kanga tó ń wọ̀ lọ sí ìsìnkú. Ó yọ fóònù náà látinú agolo, ó fi etí aṣọ nù ún. Bátìrì ti kú pátápátá.

"Wákàtí méjì á tó o?" ó bi mí.

"Á tó, á ṣẹ́ kù."

Kò tilẹ̀ wo pákó. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè, ó bá òwú funfun, ó fà á. Èmi gan-an ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, mò ń ròyìn tábúlẹ́ẹ̀tì. Ó ki ṣájà bọ fóònù, ojú fóònù tàn. Ó tàn jù. Inú mi tilẹ̀ dùn pé ó yára gbà á.

Nǹkan sì ń rùn.

"Masatu, kí ló ń rùn?"

Mo já a. Ó ti pẹ́. Ẹ̀yìn fóònù gbóná débi pé Nyamumwi sọ ọ́ sínú iyanrìn, ojú rẹ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Mo gbójú sókè wo pákó. Lára ìṣó kẹta, òwú funfun kan ṣì ń mì nínú atẹ́gùn.

Òun náà rí i. Ó na ìka sí ọ̀kan, ó na ìka sí ìkejì, bí ọmọdé tó ń ṣírò.

"Méjìlá," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo ki méjìlá bọ bàbá lẹ́nu."

Aago mẹ́wàá lù, a wà níwájú ìgbìmọ̀ pẹ̀lú fóònù tó ń rùn. Mo dìde, mo ní mo ti gbọ́ ohùn náà, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí ògì.

"Ta ló ń gbé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀?" Mafuru bi mí.

"Èmi ni."

"Ugali ta lò ń jẹ lọ́sàn-án?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ti Nyamumwi ni.

Alága kì í ṣe èèyàn búburú. Ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo wọ ọkọ̀ ńlá ní Nansio lọ sí Mwanza, mo gbé fóònù náà mọ́ àyà bí ìkókó. Ọkùnrin tí wọ́n júwe fún mi tú u sábẹ́ awò ńlá. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, mi ò ní fẹ́ kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́. Ó wò ó títí, ó so kiní kan mọ́ ọn lára, ó mi orí.

"Iná ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé. Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Mo ní ohùn bàbá àgbà kan.

"Ẹ ò gbà á sí ibòmíràn ni?"

Wọ́n dájọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n gbé ilẹ̀ fún Mafuru. Mafuru fún Nyamumwi títí di ìparí oṣù kó fi kúrò, ó ní òun kì í ṣe ẹranko. Majura, ọmọ rẹ̀ tó ń wa kùsà ní Geita, ní kó wá máa gbé yàrá kan tí òun háyà. Kò sí adágún ní Geita. Kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó máa lọ, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ti dáná sínú àdògán, ó ki ìṣó méjì sínú ẹyin iná, gbogbo ṣájà tó wà lára pákó ló ti tẹ́ sórí ẹní, ti ọkọ̀ pupa, ti ọkọ̀ àwọ̀ ewé, gbogbo wọn.

"Jókòó. Máa kà á."

"Márùn-ún."

Ó fi ìṣó pípọ́n kọ 5 sára ṣájà. Èéfín rú gòkè. Ó mú òmíràn.

"Márùn-ún."

"Èyí?"

"Méjìlá."

Ó kọ ọ́ gbàgàdà, ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí oòrùn fi wọ̀. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀, ó sì ń na ṣájà sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó lanu.

Èyí tó kẹ́yìn ni tirẹ̀, ti ìṣó kẹta. Kò sí ìkọ̀wé lára rẹ̀. Mo fi ẹ̀rọ ìwọnná mi sí i lẹ́nu.

"Márùn-ún."

Ó kọ ọ́. Ó tú òwú funfun kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó jù ú sínú iná, ó gbé ṣájà náà lé mi lọ́wọ́.

"Mú un lọ. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe mọ́."

Ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́.