Ọjọ́ Tí A Kúnlẹ̀ Nítorí Adétutù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo àìgúnrégé ọ̀rọ̀ mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí wọ́n tó mú mi lọ kọ́ṣẹ́ irun, ẹnu mi ò sì yá láwùjọ. Ṣùgbọ́n Ìyá Ẹgbẹ́ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin àbúrò wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́ onídìrí, nítorí pé mo wà níbẹ̀.

Ìgbà òjò tó kọjá ni. Adétutù wá láti Kétu, lódìkejì ibodè, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá bíi tiwa ni, ṣùgbọ́n kò ní ìwé ìgbélùú kankan. Ọ̀gá kan lápá Arépò ló mú un wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ìyàwó ọ̀gá náà máa ń já a sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Mowe pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé náà, kí n bá wọn dirun.

Lọ́jọ́ kan, mo ya irun ìpàkọ́ rẹ̀, mo sì rí ojú ibi tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná jó o lọ́rùn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń san. Òmíràn wà lẹ́yìn etí. Mo rọra bi í. Ó ní ọ̀gá òun ni, nígbà tí òun kọ̀ láti wọ yàrá rẹ̀.

“Ó ní tí mo bá sọ, imigiréṣọ̀n ló máa wá kó mi,” ló wí. “Ó ní èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú.”

Nígbà tó yá, ó sá wá bá wa. Ìyá Ẹgbẹ́ mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìwé ìgbélùú ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní in, ni wọ́n bá tì í mọ́bẹ̀, wọ́n ní àwọn máa dá a padà sọ́dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀ lódìkejì ibodè. Ọ̀gá ẹ̀ ń rìn fàlàlà. Ọkọ̀ dúdú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lódìkejì títì ṣọ́ọ̀bù wa. Kì í sọ̀kalẹ̀, kì í sì í pa ẹ́ńjìnnì.

Agbẹjọ́rò kan láti Ìfọ̀ sọ fún wa pé òfin ò gbà kí wọ́n lé ẹni tí wọ́n fìyà jẹ kúrò nílùú nígbà tí ẹjọ́ rẹ̀ ò tíì parí. Ìyá Ẹgbẹ́ ní, “A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Tí wọ́n bá gbé e sọdá ibodè, ta ló máa sọ ohun tójú ẹ̀ rí?”

Bí àwa onídìrí Mowe, Ìbàfò àti Ìfọ̀ ṣe ti ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, tí a wọ aṣọ iṣẹ́ wa, tí a lọ jókòó sẹ́nu géètì àgọ́ náà. Ìyá Ẹgbẹ́ ti kìlọ̀ pé a ò wá bẹ ẹnikẹ́ni. Òjò ti ṣú. Bọ́ọ̀sì funfun kan ń kùn lẹ́yìn àgọ́, kò sẹ́ni tó sọ ẹni tó ń dúró dè.

Ọ̀gá ọlọ́pàá jáde, bàbá arúgbó olórí ewú. Ó ní, “Ẹ káàsán, ẹ̀yin ìyá.”

Kí a tó mọ̀, orúnkún gbogbo wa ti kanlẹ̀. “Ẹ káàsán, sà.” Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́pàá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ya fọ́tò wa lórí ìkúnlẹ̀.

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. “Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Ẹ dìde, ẹ máa lọ.”

Kúdí, tó mú lẹ́nu jù nínú wa, dáhùn láti orí ìkúnlẹ̀: “A ò bẹ̀ yín, sà. A kí yín ni.”

“Ìkúnlẹ̀ wo ló tún kù tí wọ́n fi ń bẹ èèyàn?” Bàbá náà wá fohùn sílẹ̀. “Kò sẹ́lẹ̀rìí kankan. Lọ́la, ọmọ Kútọnu yín máa lọ sílé.” Kútọnu ni wọ́n ń pe gbogbo ará Bẹ̀nẹ̀, ì báà jẹ́ ará Kétu.

Kò sẹ́ni tó lè dìde nígbà tí àgbà ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí a fi máa dìde, ó ti wọlé. A padà sílé lábẹ́ òjò.

Ẹ̀yin àbúrò mi, n ò ní purọ́ fún yín pé a borí. Wọn ò tíì gbé Adétutù sọdá ibodè, ẹjọ́ ṣì wà ní kọ́ọ̀tù. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ ṣì ń sùn nílé, ọkọ̀ dúdú yẹn ṣì ń wá, àwọn kan nínú wa ò sì wá sípàdé mọ́. A jẹ Adétutù ní gbèsè ìdájọ́, a ò tíì san án.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìkúnlẹ̀ yẹn, kí wọ́n tó lè gbé e lọ, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo lọ sí àgọ́ náà. Bàbá náà wà ní fàráńdà. Orúnkún mi fẹ́ lọ sílẹ̀. Mo di irin géètì mú.

“Ẹ káàárọ̀, sà,” ni mo wí lórí ìdúró. “Èmi ni mo dirun fún Adétutù. Mo rí ọrùn rẹ̀. Mo wá jẹ́rìí.”

Lódìkejì títì, ọkọ̀ dúdú náà tan iná iwájú.

Bàbá náà ní, “Kí lorúkọ ẹ?”

Mo sọ orúkọ mi, mo fi orúkọ bàbá mi kún un. Mo wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mò ń dúró de ẹni tó máa kọ ọ́ sílẹ̀.