Ọwọ́ Tó Ń Da Wáìnì fún Atọ́wò

Èèyàn kan wà nínú ìtàn yìí tó wù mí kí n bú látòkè délẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi tirẹ̀ sílẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ Atọ́wò, torí òun ló ni ìtàn.

Atọ́wò kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nílé ọtí tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí kò tíì lọ́kọ, kò sí wáìnì pupa kan tó lè dórí pẹpẹ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Iwájú ilé náà ni àwọn oníbàárà máa ń dúró sí, níbi tí káńtà onígi wà tí ìgbọ̀nwọ́ àwọn èèyàn ti fá dán. Ẹ̀yìn ni yàrá tútù kan wà, tó ní fèrèsé kékeré, tábìlì gígùn tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé, àti ẹ̀rọ omi kan lára ògiri tí kì í yéé kán tó, tó, tó. Yàrá ẹ̀yìn yẹn ni ayé Atọ́wò wà.

Iṣẹ́ ibẹ̀ rèé. Irú èso àjàrà kan wà, ó dúdú, awọ rẹ̀ nípọn, ọ̀pọ̀ àgbègbè ló sì ń gbìn ín. Wáìnì tí wọ́n fi í ṣe lórí òkè yàtọ̀ sí ti etí òkun, ti etí òkun yàtọ̀ sí ti àfonífojì odò, ti ilẹ̀ gbígbẹ sì dá dúró gedegbe. Ẹ sáà ti rí ọmọ ìyá kan náà tí wọ́n pín fún ẹbí tọ́: imú kan náà, ìwà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ti òkè máa ń le, á fún ẹnu pọ̀, kò ní í rẹ́rìn-ín sí ọ àfi tó o bá ti mọ̀ ọ́n tán. Ti etí òkun á fi iyọ̀ díẹ̀ tọ́ ọ láhọ́n lẹ́yìn tó o bá ti rò pé ó ti lọ. Ti odò rọ̀, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ti ilẹ̀ gbígbẹ gbóná, ó sì ń ta sánsán bí èso tó pọ́n jù. Lọ́dọọdún ni Atọ́wò ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wéra, èyí tó bá fọwọ́ sí ni Ọ̀gá, bàbá arúgbó tó ni ilé ọtí náà, máa rà.

Bàbá tó bí Atọ́wò ló kọ́ ọ. Òun ló wà nípò náà kó tó kú, ó sì fi òfin sílẹ̀. Ẹni méjì ló ń ṣe é. Ẹnì kan á wọ àpò aṣọ dúdú fún gbogbo ìgò, àpò tó jọra délẹ̀délẹ̀, á da wáìnì sí ife, á gbé ìgò kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ife tirẹ̀. Ẹnì kejì á tọ́ ọ wò, á tu ú sí garawa, á lọ fi omi ṣan ẹnu níbi ẹ̀rọ omi, á padà wá sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ń bọ́ aṣọ. Bàbá a sì máa wí pé, "Bí aṣọ bá ti kúrò lọ́rùn ìgò, kí ẹnu kúrò létí ife." Ó ní tí ojú bá ti ka ìwé ara ìgò, ahọ́n á di ọmọ ọ̀dọ̀ ojú, ohun tí ojú bá rán an ló máa jẹ́. Nítorí náà, Atọ́wò kò tọ́ ìgò tí wọ́n ti bọ́ aṣọ rẹ̀ wò rí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹni tó ń dà á fún un ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá kan náà. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ débi pé ẹ̀kán kan kì í já sórí aṣọ tábìlì. Ìyá wọn kú nígbà tí Jẹ́jẹ́ ṣì ń sùn lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Atọ́wò ló pọ̀n ọ́n, òun ló rán an níléèwé, òun ló fà á wá bá Ọ̀gá. Tí ẹ bá bi í nígbà náà pé ta ló fọkàn tán jù láyé, orúkọ Jẹ́jẹ́ á kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí tọkọ. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ayálégbé lásán lòun láàárín àwọn méjèèjì.

Òtútù kan ló mú Atọ́wò, ó dí i nímú, ó sì lọ. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó tọ́ wáìnì wò, ó fọwọ́ sọ̀yà pé ife kejì, orí òkè ló ti wá. Jẹ́jẹ́ bọ́ aṣọ. Etí òkun ni. Atọ́wò rẹ́rìn-ín, ó ní òtútù ò tíì tán lára òun. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún ṣì í. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún ṣì í. Ẹ̀rín kúrò níbẹ̀.

Obìnrin yìí fi ata sílẹ̀. Ó fi iyọ̀ sílẹ̀. Ó gbààwẹ̀. Dókítà tan iná sí imú àti ọ̀fun rẹ̀, ó ní òun ò rí nǹkan kan, kàkà kí ìyẹn sì tù ú nínú, ṣe lẹ̀rù tún bà á, torí àrùn tí dókítà ò rí, ta ló fẹ́ wò ó? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọkọ rẹ̀ bóyá ọbẹ̀ níyọ̀. Télọ̀ á ní ó níyọ̀. Á tún bi í. Ẹ̀rù ahọ́n ara rẹ̀ ti ń bà á. Tó bá mu omi, á máa rò ó pé ṣé bí omi ṣe máa ń rí lẹ́nu nìyí? Inú ilé ìwẹ̀ ló ti ń sunkún, kí ọkọ má baà gbọ́.

Jẹ́jẹ́ ńkọ́? Jẹ́jẹ́ ń tù ú nínú. Á gbá a léjìká pẹ́pẹ́, á ní kí ẹ̀gbọ́n òun má pa ara wọn, ara kì í ṣe irin, wọ́n ti ṣe gudugudu méje yààyàà mẹ́fà, ó tó kí wọ́n sinmi. Ẹ̀yìn náà ló lọ bá Ọ̀gá, ó fajú ro bí ẹni tí òkú sùn nílé rẹ̀, ó ní àánú ẹ̀gbọ́n òun ń ṣe òun.

Ọ̀gá pe Atọ́wò. Ó ní kò sẹ́ni tó ń lé e, àmọ́ ilé ọtí ò lè máa rajà lórí ahọ́n tó ń ṣiyèméjì. Ta ló rò pé ó lè bọ́ sípò náà? Atọ́wò fúnra rẹ̀ ló dárúkọ Jẹ́jẹ́. Ó ní ìka tó tọ́ símú la fi ń romú, bàbá kan náà ló kọ́ àwọn méjèèjì. Ibi tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Wọ́n dá ọjọ́, wọ́n ní kí àwọn oníbàárà àtijọ́ wá wo bí ẹ̀gbọ́n ṣe máa fa ipò lé àbúrò lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Jẹ́jẹ́ ní kí àwọn tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ̀gbọ́n òun fi dágbére fún yàrá. Ẹ ò rí i bí ọkàn èèyàn ṣe lè le tó. Ó dà á, Atọ́wò tọ́ ọ wò, ó ṣan ẹnu, ó sọ tirẹ̀, Jẹ́jẹ́ bọ́ aṣọ. Kò gba ẹyọ kan. Jẹ́jẹ́ mirí, ó ní òun ń lọ pàdé àwọn tó ń gbé àga bọ̀, ó jáde.

Atọ́wò jókòó. Wáìnì ṣì kù nídìí àwọn ife, àwọn ìgò dúró lẹ́yìn wọn láìláṣọ. Ó wá rò ó pé atọ́wò ni bàbá àwọn ṣòfin fún, òun kì í sì í ṣe atọ́wò mọ́. Kí ló kù tóun ń ṣọ́? Ó kàn fẹ́ mọ ibi tí ahọ́n òun ti ṣìnà gan-an. Ó mú ìgò etí òkun tó wà lẹ́yìn ife kejì, ó da díẹ̀ sínú ife mìíràn tó mọ́, ó tọ́ ọ wò. Iyọ̀ kékeré yẹn tọ́ ọ láhọ́n. Ó gbé ife kejì fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ní inú ìgò yẹn ló ti wá. Ó le, ó sì fún ẹnu pọ̀. Ti orí òkè ni, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Ó kọ́kọ́ rò pé òyì ló ń kọ́ òun. Ó da ìyókù, ó tọ́ wọn wò. Kò sí ìgò kan tó bá ife iwájú rẹ̀ mu. Gbogbo ohun tó fẹnu sọ ló rí bẹ́ẹ̀, àwọn ìgò ló ti kúrò láyè wọn. Ojú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ omi. Ibẹ̀ ló ti máa ń kọjú sí ògiri láti ṣan ẹnu, tó ń kẹ̀yìn sí tábìlì, tó ń kẹ̀yìn sí ọmọ ìyá rẹ̀. Yàtọ̀ sí Ọ̀gá àti bàbá tó ti kú, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ pé láéláé, òun ò ní í tọ́ ìgò wò lẹ́yìn tí aṣọ bá ti ṣí. Onítọ̀hún ló ń to àga níta.

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ òwe yẹn, ó rò pé ilé ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí. Inú bí i, lẹ́yìn náà ó dùn ún, dídùn náà sì ju ìbínú lọ. Kì í ṣe tìtorí ipò. Gbogbo ẹkún ilé ìwẹ̀ yẹn, gbogbo oúnjẹ tí kò lè jẹ ní àjẹgbádùn, ọwọ́ tó ń gbá a léjìká ló ń fà á.  Ó fọ àwọn ife, ó gbé ìgò tuntun mẹ́rin kalẹ̀, ó wọ̀ wọ́n láṣọ.

Lọ́sàn-án, yàrá ẹ̀yìn kún. Lẹ́yìn tí Ọ̀gá ti kí gbogbo èèyàn, Atọ́wò dìde.

"Ẹni tó bá máa jókòó síbí, kó tọ́ ọ wò lójú gbogbo wa. Èmi ni mo máa dà á."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Jẹ́jẹ́ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Ó tọ́ ọ wò, ó tu ú, ó sì lọ síbi ẹ̀rọ omi. Mi ò ní í purọ́ fún yín, Atọ́wò ti rò ó. Kò sóhun tó rọrùn tó kéèyàn gbé ìgò kan sáyè èkejì. Ṣùgbọ́n ó rántí bàbá rẹ̀, ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Ẹ wá wo Jẹ́jẹ́ nídìí omi: ó yí ọrùn sẹ́yìn, ó ń wo tábìlì, omi ń ṣàn sí i láyà, ọkùnrin tí ẹ̀kán kan kì í já lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà kan bi í bóyá ó rò pé ìgò fẹ́ sá lọ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó tẹrí ba láti tu omi nìkan ló gbójú kúrò.

Ó sọ tirẹ̀. Atọ́wò bọ́ aṣọ. Jẹ́jẹ́ gba ti òkè àti ti ilẹ̀ gbígbẹ, ó fi ti odò pe ti etí òkun, ó fi ti etí òkun pe ti odò. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bàbá wọn pàápàá ṣì í rí. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Àmọ́ ó ki ọ̀kan nínú ìgò méjì tó ṣì náà mọ́lẹ̀, ó dà á sínú ife, ó gbé e sẹ́nu lójú gbogbo èèyàn. 

"Jẹ́jẹ́," Ọ̀gá ní, "kí lò ń wá nínú ìgò tí wọ́n ti bọ́ aṣọ rẹ̀?"

"Ọ̀gá, wọ́n ti yí wọn padà."

Ó tọ́ ife wò, ó tọ́ ìgò wò, ó tún padà sórí ife. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó yí nǹkan kan, ṣe ló ṣì í. Ọ̀gá fọ̀pá tilẹ̀, ó dìde.

"Kí wọ́n tó bí ọ ni èmi àti bàbá rẹ ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Kò sẹ́ni tó yí ìgò padà nínú yàrá yìí rí. Níbo lo ti kọ́ ọ pé èèyàn lè ṣe bẹ́ẹ̀?"

Jẹ́jẹ́ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọwọ́ obìnrin náà ṣì wà lẹ́yìn. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé ẹ̀gbọ́n òun ti mọ̀.

Nígbà tí àwọn èèyàn ti túká, Jẹ́jẹ́ dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù yẹn. Ó ní láti ìgbà èwe lọ́wọ́ òun ti ń ṣiṣẹ́, tó jẹ́ pé ẹnu ẹ̀gbọ́n òun ló ń gbayì. Kò sí oníbàárà tó bi òun rí pé kí ni òun tọ́ wò. Atọ́wò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"O ò ṣe bi mí? Mo ṣáà fẹnu ara mi dárúkọ rẹ. Ipò lo rò pé ò ń gbà, Jẹ́jẹ́. Ahọ́n mi lo fẹ́ yọ lẹ́nu mi. Mo ti ń bẹ̀rù omi."

 Ọ̀gá ní kí Jẹ́jẹ́ má wulẹ̀ wá sẹ́nu iṣẹ́ lọ́la.

Bẹ́ẹ̀ ni Atọ́wò ṣe jókòó padà sípò rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ pé, kò sóhun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí wáìnì ọdún tuntun dé, ó rí i pé èèyàn ò lè wọ ìgò láṣọ fúnra rẹ̀ kó má mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Télọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó ní òun á wá dà á. Ó da wáìnì sórí aṣọ funfun. Lọ́jọ́ yẹn, kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Atọ́wò tọ́ ọ wò, ó tu ú, ó sì lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ó mọ̀ pé ọkùnrin yìí ò ní í rẹ́ òun jẹ. Ó bu omi sẹ́nu, ó kọjú sí ògiri.

Omi tútù ṣàn sí i láyà. Ọrùn rẹ̀ ti yí padà fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

Télọ̀ rí i.  Ó rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò lórí tábìlì, ó nà wọ́n sókè níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti lè máa rí wọn, títí ó fi ṣan ẹnu tán.