Bàbá Àrà àti Ìṣẹ́jú Méjì

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí Bàbá Àrà, ó jókòó sídìí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn wa, ó ń ka ìtàn olè kan tó wọ ilé onílé, tí oorun gbé e lọ lórí àga, tí onílé sì fi aṣọ bò ó kó tó lọ pe ọlọ́pàá. Èmi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òun yán, ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ó ní, "Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin lọ́dún yìí nìyẹn. Ó jọ pé àwọn olè ò rí oorun sùn nílé mọ́."

Ọdún kọkàndínlógún rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣa ìròyìn àrà káàkiri àgbáyé jọ sí ojú ewé kan tó ń jáde ní Sátidé, ibẹ̀ sì ni àwọn ará ọ́fíìsì ti fún un lórúkọ. Ó ti kọ nípa ìlú tó dìbò fún ewúrẹ́, nípa ọkùnrin tó pe àkùkọ aládùúgbò rẹ̀ lẹ́jọ́, nípa ìyàwó ilé tó há sójú fèrèsé níbi tó ti ń yọjú wo ẹlòmíràn tó há sójú fèrèsé. Àwọn èèyàn rò pé ẹni bẹ́ẹ̀ á máa fi ẹ̀rín sùn, á máa fi ẹ̀rín jí. Àmọ́ bí alásè ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò lòun náà ṣe ń tọ́ àrà wò: iyọ̀ rẹ̀ tó, ata rẹ̀ tó, ó yá, ẹ gbé e kúrò níwájú mi. Ẹnu tó ti ń yà fún ọdún mọ́kàndínlógún ti rẹ̀, kò lè yà mọ́.

Ètò ló fi ń gbé ara rẹ̀ ró. Ìròyìn mẹ́jọ ni, kì í lé, kì í dín: méjì nípa ẹranko, méjì nípa olè, méjì nípa ilé ẹjọ́, ọ̀kan nípa lọ́kọláya, ẹ̀kẹjọ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àgbàlagbà kan, kí òǹkàwé lè fi ẹ̀rín jẹ́jẹ́ pa ìwé dé. Bí kò bá rí ìròyìn kan níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò ní gbà á gbọ́. Òfin kan tún wà tí olóòtú àgbà, obìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Bírò Pupa, kì í fi ṣeré: ìròyìn ojú ewé náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ilé. Ó ní ẹni tó jìnnà ni kí a máa fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tó wà nítòsí, a ṣì máa pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan tó yẹ kí ojú ewé náà ti parí, ìròyìn méje péré ló wà nílẹ̀. Ẹ̀kẹjọ, ìtàn ìyá arúgbó kan tó gun òkè ńlá, ti bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí ibi kejì tó ti wádìí sọ pé mọ́tò ló gbé ìyá náà gòkè. Ìyá Bírò Pupa ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èjìká ń dun Bàbá Àrà, ojú ń ta á. Ó gbé ọwọ́ lérán, ó sì rántí bàbá rẹ̀.

Bàbá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọ̀gá ibùdókọ̀ rélùwéè ni kó tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti hú irin ojú ọ̀nà náà, ibùdókọ̀ ti di ibi tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì sí. Síbẹ̀, ní gbogbo àárọ̀, á wọ kóòtù iṣẹ́, á de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀, á dé fìlà, á jáde sí ẹnu géètì, á wo aago ọwọ́ rẹ̀ tó fẹjú, á fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, á sì gbé àsíá àwọ̀ ewé sókè. Á dúró títí ọkọ̀ tí kò sí náà á fi kọjá tán, á wá wọlé lọ jẹun. Orí rẹ̀ kò dàrú o. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ kò sí. Ó ní ọkọ̀ ló fi òun sílẹ̀, òun kò fi ọkọ̀ sílẹ̀. Oníbúrẹ́dì òdìkejì títì kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù títí yóò fi gbọ́ fèrè náà.

Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Bàbá Àrà ti kọ ọ́ tán. Ó gbé bàbá rẹ̀ lọ sí òkè òkun, sí ìlú kékeré kan tí yìnyín ń bọ́ sí. Ó yọ ọdún mẹ́wàá kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀, ó yí àwọ̀ fìlà padà, ó sì fún un ní ajá kan kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Ó kù kó kọ àkókò. Ó kọ aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méje. Ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí méjì fún ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ kò wá ẹyọ kan fún ọ̀rọ̀ bàbá tó bí i, torí ohun tí èèyàn ti ń gbọ́ láti kékeré, ta ni í tún lọ yẹ̀ ẹ́ wò?

Ó mọ̀ pé wọn yóò kà á fún bàbá. Ojú arúgbó náà kì í mú lẹ́tà kéékèèké mọ́, ẹ̀gbọ́n Bàbá Àrà obìnrin, aránṣọ tó ń bá bàbá gbé, ló máa ń ka ojú ewé náà fún un ní gbogbo Sátidé. Ṣùgbọ́n ó gbójú lé ajá yẹn pé yóò bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọ̀sán Sọ́ńdè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, tépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Àbúrò mi, o ṣeun. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ wà nínú ilé, lọ wò ó."

Ó wá rọra sọ bó ṣe lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín sí àwọn méje àkọ́kọ́ títí ó fi wúkọ́. Òun ti ka ẹ̀kẹjọ dé ìdajì kí òun tó mọ ẹni tí òun ń kà. Òun fẹ́ fò ó, bàbá ní kí òun kà á tán. Nígbà tí òun kà á tán, ó ní kí òun tún un kà. Ní àárọ̀ yìí, bàbá kò jáde sí géètì. Oníbúrẹ́dì ṣí ṣọ́ọ̀bù pẹ́, ó sì wá kanlẹ̀kùn láti béèrè bóyá ara bàbá le.

Bàbá Àrà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá jókòó nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, kóòtù iṣẹ́ rọ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó jẹ́ kí ọmọ náà pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀.

"Ajá tí o fún mi yẹn, kí ló ń jẹ?"

"Ẹ forí jì mí, Bàbá. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ló há mi."

"Ta ló ń sọ ti ẹ̀rín? Ẹ̀rín kì í pa àgbà." Ó nawọ́ sí ìwé ìròyìn tó wà lórí tábìlì. "Ìṣẹ́jú mélòó lo kọ síbẹ̀?"

"Méje, Bàbá."

"Mẹ́sàn-án ni. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi rán ọkọ̀ yẹn lọ, kò fi ìṣẹ́jú kan yá rí. Ọkọ̀ tó pẹ́, èèyàn á ráhùn, á sì dúró dè é. Èyí tó yá jù, ó ti fi èrò sílẹ̀ lọ nìyẹn. O wá sọ fún gbogbo ayé pé mò ń fi èrò sílẹ̀."

Bàbá Àrà béèrè ohun tí òun lè ṣe.

"Ibi tí o ti bà á jẹ́ ni kí o ti tún un ṣe," ni bàbá wí. "Títí dìgbà yẹn, mi ò lè yọjú síta. Èmi tí wọn ò mọ àkókò mi mọ́, kí ni mo fẹ́ lọ fọn?"

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ láago ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan: kò jáde lónìí náà. Ní Ọjọ́bọ̀, Bàbá Àrà mú ojú ewé rẹ̀ lọ fún Ìyá Bírò Pupa. Ìròyìn méje ló wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹjọ jẹ́ àtúnṣe: pé ọkùnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá akọ̀wé ojú ewé yìí ni, pé kì í gbé òkè òkun, pé kò ní ajá, àti pé aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló ń fọn fèrè rẹ̀, kò sì yá rí.

Obìnrin náà kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

"Irọ́ lo fi ránṣẹ́ sí mi, ìròyìn ilé sì ni. Bí èyí bá jáde, o mọ̀ pé ojú ewé yìí kúrò lọ́wọ́ rẹ nìyẹn?"

"Mo mọ̀, mà."

"Nítorí ìṣẹ́jú méjì. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ o. Mo lè yọ ọ́, ká fi ewúrẹ́ kan dí i."

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, mà."

Obìnrin náà fi bírò pupa tún àmì kan ṣe ní ìlà kẹta, ó sì buwọ́ lù ú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kà á fún bàbá ní Sátidé. Bàbá ní kó ka ibi tí àkókò wà lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà ó ní kó fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù iṣẹ́ òun. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, oníbúrẹ́dì ṣí ṣọ́ọ̀bù lásìkò.

Wọ́n ti gbé ojú ewé àrà fún ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín sókè bó bá ń kà á, tí gbogbo ọ́fíìsì sì ń gbọ́ ọ. Bàbá Àrà ti wà ní ẹ̀ka ìkéde òkú báyìí, nínú yàrá tó wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, tábìlì kan, àga méjì, fóònù kan. Aago mẹ́rin ló ń parí iṣẹ́ lójúmọ́, kò sí ẹ̀kẹjọ kankan tó ń wá mọ́.