Iná Kì í Pa Ẹ̀kan

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìlerò, tí mi ò tíì lè dá ọkọ́ gbé, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀kan gba oko lọ́wọ́ ìyá àgbà mi. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má fi mí ṣẹ̀rín pé mò ń sọ̀rọ̀ bí àgbà. Mo mọ̀ pé irùngbọ̀n mi ò tíì kún. Ohun tójú mi rí ni mò ń sọ.

Bàbá àgbà kú, kò sẹ́ni tó ro oko ẹ̀, ẹ̀kan bò ó. Ẹ mọ ẹ̀kan, koríko burúkú tórí ẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, tó ń gún bàtà rọ́bà títí á fi kan ẹsẹ̀. Lágboolé wa, ilẹ̀ téèyàn ò bá ro, ẹbí ló ń padà sí. Baálé wa, àbúrò bàbá àgbà, wá sọ fún ìyá àgbà pé tí àgbàdo ọdún yẹn bá fi gbó tí oko yẹn ṣì jẹ́ ẹ̀kan, òun á gbé e fún ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ ìyá àgbà ò nílẹ̀ míì tó lè gbin ẹ̀gúsí ẹ̀ sí, ẹ̀gúsí yẹn ló sì ń jẹ.

Àbúrò bàbá mi gbọ́, inú bí i. Ìbínú tèmi yìí, ẹ ò ríbi tó ti wá? Ó mú ìṣáná. Ìyá àgbà ń pariwo, "Má sun ún o! Iná ni oúnjẹ ẹ̀kan!"

Ó ní, "Ìyá, ẹ lọ jókòó jàre, ẹ ó rí ilẹ̀ yín lónìí."

Ó sun ún. Lóòótọ́ ilẹ̀ hàn, ó mọ́ tónítóní, àbúrò bàbá mi wá ń yan kiri bí ọkọ ìyàwó. Òjò rọ̀ báyìí, ẹ̀kan yọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó tutù yọ̀yọ̀. Àwọn ìyàwó ilé ò jẹ́ kó sinmi: "Ọkọ wa, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ̀kan yín mà yọ dáadáa, ìgbà wo la ó kórè?" Ó wọ yàrá, kò jáde jẹun.

Ìyá àgbà ò bú u. Ó bẹ ọ̀wẹ̀, ó se ẹ̀wà rẹpẹtẹ, àwọn aládùúgbò gbé ọkọ́ wá bá a ṣiṣẹ́. Wọ́n wa ilẹ̀ jìn, gbòǹgbò funfun ń yọ bí okùn, àwa ọmọdé ń ṣà á lọ sórí àpáta kí oòrùn yan án, torí tó bá fi kan ilẹ̀, á tún jí. Àbúrò bàbá mi ló wa tiẹ̀ jìn jù, kò gbójú sókè. Ìyá àgbà wá gbin ẹ̀gúsí súnmọ́ra gan-an, ó ní ẹ̀kan ò lè gbé abẹ́ ìbòji. Ẹ̀gúsí nà, ó bo ilẹ̀ bí ẹní. Ẹ̀kan tó bá yọrí, á fà á, á máa bá a wí: "Ìwọ yìí, ta ló pè ọ́?" Háà, mo fẹ́ràn ohùn yẹn.

Àgbàdo gbó, baálé dé. Ó ń fi ọ̀pá tú ewé kiri títí ó fi rí ẹ̀kan kan ṣoṣo. "Ìyá, kí lèyí?"

Ìyá àgbà kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, irun dúdú kan ṣì kù lórí yín. Ṣé ká torí ẹ̀ máa pè yín lọ́mọdé?"

Baálé rẹ́rìn-ín títí fìlà ẹ̀ fi jábọ́. Ó ní, "Ẹ máa ro ilẹ̀ yín, mi ò wá mọ́."

Ìyá àgbà ti lọ, kí Ọlọ́run Alláà fọ̀run kẹ́ ẹ. Èmi ni mò ń ro ibẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n tí mo bá gun ọ̀kadà lọ sóko, inú máa ń bí mi: ẹ̀kan lọ́tùn-ún, ẹ̀kan lósì, oko bàbá àwọn ẹlòmíì ni gbogbo ẹ̀! Wọ́n á wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fín oògùn, ewé á gbẹ, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Gbòǹgbò ń sùn nísàlẹ̀ ni. Láyé ìyá àgbà, tí wọ́n bá ní àwọn á gba ilẹ̀ èèyàn, gbogbo agboolé ló máa gbọ̀n. Láìpẹ́ yìí, baálé tó jẹ tẹ̀lé ti ìjọ́sí pe ọmọ ilé wa kan l'Ékòó pé òun á gba oko bàbá ẹ̀ tí ò bá wá ro ó.

Ọmọ náà ní, "Bàbá, ẹ gbà á, ẹ ṣé gan-an ni," ó pa fóònù.

Baálé di fóònù mú, ó ń wò ó. Kò mọ ẹni tó máa gbé ilẹ̀ náà fún.