Ewé Tí Ọ̀mọ̀wé Bàrúwà Kó Sínú Àpò Ìrẹsì

Bí wọ́n bá ní kí Ọ̀mọ̀wé Ṣàíbù Bàrúwà dárúkọ ẹni tó gọ̀ jù ní gbogbo ilẹ̀ Yewa, kò ní lọ jìnnà. Orúkọ ara rẹ̀ ni yóò dá, yóò sì fi oyè ọ̀mọ̀wé náà sí i, kí àṣìṣe má baà wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ igbó ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní Ayétòrò, ṣùgbọ́n abẹ́ igi tíìkì ní Jóga-Orílé lọkàn rẹ̀ wà. Igi a máa fa káábọ̀nù inú afẹ́fẹ́, a fi ṣe ewé. Ewé a já bọ́, a jẹrà, a sì di oúnjẹ igi padà. Ohun tí Ọ̀mọ̀wé fẹ́ mọ̀ ni bí èyí tó ń padà ṣe pọ̀ tó. Ìdí nìyí tó fi ta àwọ̀n sábẹ́ igi, tó ń gba ewé kó tó kanlẹ̀, bí ẹni ń gbe omi òjò. Àwọn ará oko tó ń kọjá a máa kí i tàánú-tàánú.

Lọ́dún tí wọ́n ti bodè, ẹ̀ẹ̀rùn ti ń parí lọ nígbà tó fẹ́ kó ewé rẹ̀ lọ sí Ìlaròó, níbi tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan ewé gbẹ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n wà. Igi tíìkì kì í wọ́wé àfi lẹ́ẹ̀rùn. Bí ewé yìí bá bàjẹ́, ó di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Ó pín in sí àpò mẹ́ta: ti igi àgbà, ti igi tó ṣì kéré, àti ti ibi tí iná ti jó. Àpò wo ló lò? Àpò ìrẹsì òkèèrè ni. Lágbègbè bodè, ilé ta ni èèyàn ti fẹ́ rí òmíràn? Jẹ̀mílátù ìyàwó rẹ̀, tí bodè títì ti gba ìrẹsì títà lọ́wọ́ rẹ̀, ní kó kúkú yí inú àpò náà síta. Ọkọ rẹ̀ kọ̀, ó ní ta ló máa rí ewé tí yóò pè é ní ìrẹsì.

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí àwọn aṣọ́bodè tó ń wá ìrẹsì fàyàwọ́ fi dá ọkọ̀ èrò náà dúró. Wọ́n rí ohun tí wọ́n kọ sára àpò, wọ́n ní kí gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀. Obìnrin kan nínú àwọn aṣọ́bodè náà tọwọ́ bọ àpò, ó fa ewé yọ, ó rẹ́rìn-ín.

"Ewé lásán ni," ló wí. "Bàbá, ẹ máa lọ."

Ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ì bá wọkọ̀. Ṣùgbọ́n "lásán" yìí gún Ọ̀mọ̀wé lọ́kàn. Ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bàá títì. Nígbà tó rí i pé kò yé wọn, ó da àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ní òkìtì mẹ́ta, kí wọ́n lè rí ìyàtọ̀. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Inú Ọ̀mọ̀wé dùn dé gongo. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé ìbọn lọ́wọ́ tó tún ń fetí sílẹ̀ báyìí, kò rí irú rẹ̀ rí ní Ayétòrò.

Bó ti ń nawọ́ sí òkìtì àwọn igi àgbà ni ọkọ̀ ńlá kan tó ń lé onífàyàwọ́ sáré kọjá fìì. Atẹ́gùn rẹ̀ gbá gbogbo ewé pọ̀ mọ́ra wọn.

Kò sẹ́ni tó fi í ṣẹ̀sín, èyí ló sì dùn ún jù. Awakọ̀, èrò ọkọ̀, obìnrin oníbọn, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń bá a ṣà á. Wọ́n ṣa ewé rẹ̀, wọ́n ṣa ewé ẹ̀bá títì mọ́ ọn, wọ́n ń kì í bọ àpò títí tó fi kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ní kó má bínú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, omijé sì lé ròrò sí i lójú.

Kò dé Ìlaròó mọ́, ilé ló padà sí. Nígbà tí Jẹ̀mílátù rí àpò tó kún fọ́fọ́, ó ní Ọlọ́run ṣeun, òun ti rò pé wọn yóò gbẹ́sẹ̀ lé e bí wọ́n ṣe ń gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù àwọn ẹlòmíràn.

"Wọn ò gbà á, Ìyá Habeebah," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Wọ́n ní kí n máa lọ. Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró kí n kọ́ wọn."