Wàhábì àti Abẹ́rẹ́ Ọlọ́dọọdún

Ó yẹ kí aráyé mọ̀ pé Wàhábì, tó ń ta iná iwájú ọkọ̀ ní Suame Magazine, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì ní Kumasi, kì í kí ènìyàn kí ó tó kí mọ́tò rẹ̀. Yóò tẹjú mọ́ iná iwájú, yóò pe ọdún tí wọ́n ṣe é, ìgbà náà ni yóò tó bi oní-mọ́tò bóyá ó jí dáadáa.

Ọkùnrin yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Mànsúrà ọmọ rẹ̀ bímọ ní Accra, ó sì ń gbé ọmọ náà bọ̀ wá sí Kumasi lóṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ránṣẹ́ ṣáájú: ọmọ náà kò tíì pé oṣù mẹ́fà, kò lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlúù. Nítorí náà, ẹni tí kò bá gba ti ọdún yìí, ojú fèrèsé ni yóò ti máa wo ọmọ.

"Mo ti gbà á rí," ni Wàhábì wí, "lọ́dún tí a kọ́ ilé ìdáná. Ṣé àpò ìrẹsì ni mí, tí wọ́n á máa gún wò?"

Sàlímà ìyàwó rẹ̀ kò bá a jiyàn. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ṣọ́ọ̀bù bí oníbàárà, ó na ọwọ́ sí iná kan.

"Alhaji, ẹ bá mi fi iná Corolla 2005 yìí sí Corolla 2015."

"Dabi, rárá, Hajia. Kò lè wọlé."

"Ṣebí Corolla náà ni?"

"Wọ́n ti yí ojú rẹ̀ padà. Tí o bá fi okùn so ó, yóò tàn díẹ̀, àmọ́..."

Ó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

"Bí kòkòrò fúlúù ṣe rí nìyẹn," ni Sàlímà wí. "Mànsúrà ní ọdọọdún ló ń yí ojú padà, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ṣe abẹ́rẹ́ tuntun. Èyí tó wà lára yín, okùn lẹ fi so ó, agbára rẹ̀ náà sì ti lọ. Arúgbó àti oníṣúgà ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ gbà á."

"Ta ni arúgbó?"

"Oníṣúgà, ẹ jẹ́ ká lọ. Èmi náà ń gbà á."

Ní kílíníìkì, Wàhábì kò kí nọ́ọ̀sì títí ó fi wo ara páálí abẹ́rẹ́ náà. "Ti ọdún yìí ni?" Ti ọdún yìí ni. Ó ká apá aṣọ sókè.

Nígbà tí Mànsúrà dé, ó gbé ọmọ lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Wàhábì tẹjú mọ́ iwájú ọmọ náà kí ó tó kí i. Tuntun ni látòkè délẹ̀, àyàfi imú. Imú yẹn, bàbá Wàhábì lò ó, Wàhábì ń lò ó, Mànsúrà náà ń lò ó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ mọ́tò, ta ló fi ògbólógbòó imú sára ọmọ ọdún yìí, tó sì bá a mu rẹ́gí láìlo okùn?